Ìdọ́gba Kì í Ṣe Àṣẹ

Ní 1557, Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, fa ìlà méjì sábẹ́ ara wọn nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó ti sú u láti máa kọ "dọ́gba pẹ̀lú" léraléra. Ó ní kò sí ohun méjì tó tún lè dọ́gba ju irú ìlà méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àmì "=" ṣe dáyé nìyẹn. Nígbà tó di 1957, 400 ọdún géérégé lẹ́yìn náà, IBM gbé èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Fortran jáde. Wọ́n mú àmì Recorde, wọ́n sì gbé iṣẹ́ mìíràn lé e lọ́wọ́. Nínú Fortran, "=" kò sọ pé ohun méjì dọ́gba mọ́. Àṣẹ ló ń pa: ṣírò ohun tó wà lápá ọ̀tún, kó o gbé èsì rẹ̀ sínú ohun tó wà lápá òsì. C tẹ̀ lé e, Java tẹ̀ lé e, Python náà tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí x = x + 1 fi jẹ́ irọ́ pátápátá nínú ìwé ìṣirò, tó sì jẹ́ ìlà kóòdù tó dáa nínú láptọ́ọ̀pù yín.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹni tó ń kọ áàpù ilé ìfowópamọ́ nílò àṣẹ. Kó máa pàṣẹ lọ. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ẹnjiníà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́, tẹ́ ẹ ti gbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn láti bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ju kéèyàn máa pàṣẹ fún un.

Ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Òfin tó ń darí iná, omi, ooru àti irin tó ń yí kì í ṣe àṣẹ. Ìdọ́gba ni. Ẹni tó bá sọ ìdọ́gba di àṣẹ kó tó gbé e dé inú kọ̀ǹpútà ti da ìdajì ìmọ̀ náà nù sójú ọ̀nà. Èdè tó lè gba ìdọ́gba bó ṣe rí gan-an sì ti wà tipẹ́. Modelica lorúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà fi ń gboyè jáde láì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tó kéré jù lọ. Bátìrì fólítì 12 kan, àti rẹsísítọ̀ méjì tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn lórí wáyà: àkọ́kọ́ jẹ́ óòmù 4, èkejì jẹ́ óòmù 2. Òfin tí Georg Ohm tẹ̀ jáde ní 1827 sọ pé fóltéèjì dọ́gba pẹ̀lú ìdènà lọ́nà ìṣàn iná: V = R × I. Èwo ni ìbéèrè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni èsì? Òfin náà ò sọ. Tẹ́ ẹ bá mọ ìdènà àti ìṣàn, ẹ ti mọ fóltéèjì. Tẹ́ ẹ bá mọ fóltéèjì àti ìdènà, ìṣàn á jáde. Tẹ́ ẹ bá fi mítà wọn fóltéèjì àti ìṣàn, ẹ ó mọ ìdènà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìdọ́gba kan náà ló ṣí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wàyí o, ẹ gbé e lọ sínú sọ́fítíwíà alápòótí-àti-ọfà, irú bíi Simulink. Níbẹ̀, àpótí kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tí nǹkan ń gbà wọlé àti ẹnu tí nǹkan ń gbà jáde. Kẹ́ ẹ tó fa ìlà kan ṣoṣo, ẹ gbọ́dọ̀ ti pinnu: ṣé fóltéèjì ló máa wọnú rẹsísítọ̀ yìí kí ìṣàn tó jáde, àbí ìṣàn ló máa wọlé? Rẹsísítọ̀ àkọ́kọ́ ń béèrè fóltéèjì tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí èkejì bá mú ló máa sọ iye tó kù fún un. Èkejì náà jókòó, ó ń retí àkọ́kọ́. Sọ́fítíwíà náà lè gbìyànjú láti tú irú ìdè bẹ́ẹ̀, á sì máa kìlọ̀ fún yín bó ṣe ń tú u. Ohun tí olùkọ́ sábà máa ń sọ ni pé kẹ́ ẹ mú bírò, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín tú u. Ẹ ro 4 pọ̀ mọ́ 2, ó di 6. Ẹ pín 12 sí ọ̀nà 6, ó di ámpù 2. Fólítì 8 wà lórí èkíní, fólítì 4 lórí èkejì. Èsì tọ̀nà, olùkọ́ fún yín ní máàkì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú àwòrán yín báyìí: óòmù 6. Níbo ni óòmù 6 wà lórí tábìlì? Kò sí níbẹ̀. Rẹsísítọ̀ méjì ló wà lórí tábìlì, ọ̀kan ló wà nínú kọ̀ǹpútà, ìrònú tó so wọ́n pọ̀ sì wà lórí bébà tí ẹ ti sọ nù. Tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ so rẹsísítọ̀ kẹta mọ́ ẹ̀gbẹ́ èkejì, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá mú mọ́tọ̀ iná, ọ̀rọ̀ á tún le sí i. Ẹ fún mọ́tọ̀ ní iná, á yí. Ẹ fi ọwọ́ yí i, á mú iná wá. Ẹ̀rọ kan náà ni, ìdọ́gba kan náà ló ń darí rẹ̀ ní ìgbà méjèèjì. Nínú ayé àpótí-àti-ọfà, ẹ máa ya àwòrán méjì fún un, bí ẹni pé ẹ̀rọ méjì ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ ta ko ìwà yìí lọ́nà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni Hilding Elmqvist, ní Lund, lórílẹ̀-èdè Sweden. Ní 1978, ó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí èdè kan tó pè ní Dymola. Ohun tó béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kò ju pé kí èèyàn kọ ìdọ́gba ẹ̀yà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé físíìsì, kó sọ ibi tí ẹ̀yà kan ti kan èkejì, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá wádìí ohun tí yóò ṣírò ṣáájú àti ohun tí yóò ṣírò tẹ̀ lé e.

Ó yá èrò kan lọ́wọ́ àwọn ará Norway, aládùúgbò wọn. Ní àwọn ọdún 1960, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard dá èdè Simula sílẹ̀ ní Oslo, níbi tí "class" àti "object" ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé torí áàpù àti wẹ́bsáìtì ni wọ́n ṣe dá object-oriented sílẹ̀, ẹ gbọ́ ná: orúkọ èdè yẹn gan-an ti sọ ohun tó wà fún. Wọ́n fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣàfarawé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé. Ohun kan láyé, ohun kan nínú kóòdù. Ó yẹ kí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ padà sílé ẹnjiníà. Elmqvist ló mú un padà.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ oríṣiríṣi dá èdè oríṣiríṣi sílẹ̀, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ní 1996, púpọ̀ nínú wọn pàdé láti fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ní oṣù kẹsàn-án 1997, wọ́n gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ Modelica jáde. Ní 2000, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti èrè sílẹ̀ ní Linköping láti máa tọ́jú èdè náà. Ìwé òfin rẹ̀ wà fún ẹnikẹ́ni láti kà lọ́fẹ̀ẹ́.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ rántí àmì Recorde. Nínú Modelica, "=" padà sí iṣẹ́ tó ń ṣe ní 1557: ó sọ pé apá méjèèjì dọ́gba, ó tán. Tí ẹ bá fẹ́ pàṣẹ lóòótọ́, ààyè rẹ̀ wà lọ́tọ̀, àmì rẹ̀ sì yàtọ̀: ":=". Rẹsísítọ̀ ní ìlà kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan: v = R*i. Kapásítọ̀ ní tirẹ̀: i = C*der(v). Kọ́ìlì náà ní tirẹ̀: L*der(i) = v. Ìtumọ̀ "der" ni bí nǹkan ṣe ń yára yí padà sí. Ohun tó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, pé wọ́n ní ẹnu méjì, àti pé iye iná tó gba ẹnu kan wọlé ló gba ẹnu kejì jáde, a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn yòókù sì jogún rẹ̀. Bí ọmọ ìyá mẹ́ta ṣe ń jogún ilé kan náà ni, tí kálukú sì níṣẹ́ lọ́wọ́ tirẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ló wù mí jù. Ẹ rò ó bí oríta. Níbi tí wáyà mẹ́ta bá ti pàdé, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Èkíní: fóltéèjì ibẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn. Èkejì: ohun tó bá wọ oríta gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀, iná ò lè sùn síbẹ̀. Gustav Kirchhoff ti sọ èyí láti 1845. Tí ẹ bá kọ "connect" nínú Modelica, ìdọ́gba méjèèjì á wọlé fúnra wọn. Òfin oríta yìí ò sì mọ sórí iná nìkan. Nídìí omi, ìfúnpá ló dọ́gba, omi ni kò gbọ́dọ̀ sọnù. Nídìí ooru, ìwọ̀n ìgbóná ló dọ́gba, ooru ni kò gbọ́dọ̀ sọnù. Nídìí irin tó so mọ́ irin, ipò wọn ló dọ́gba, agbára tí wọ́n fi ń ti ara wọn sì gbọ́dọ̀ para wọn rẹ́. Èdè kan, oríta kan, oríṣiríṣi ìmọ̀ físíìsì.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ẹrú di ti ẹ̀rọ. Ọgbọ́n tí Robert Tarjan tẹ̀ jáde ní 1972 wà lára ohun tí sọ́fítíwíà ń lò láti to ìdọ́gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kó mọ èyí tó yẹ ní ṣíṣe ṣáájú. Ọgbọ́n tí Constantinos Pantelides tẹ̀ jáde ní 1988 ló ń lò nígbà tí ìdọ́gba kan bá fara pa mọ́ sẹ́yìn òmíràn, tó fi jẹ́ pé èèyàn ní láti wo bí wọ́n ṣe ń yí padà kó tó lè tú wọn. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi bírò ṣe títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ̀rọ ń ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá. Tí ẹ̀rọ bá lè ṣe é, kí ló dé tí a ṣì ń fi ṣe òṣùwọ̀n ọgbọ́n ọmọ èèyàn?

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó fẹ́ dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n á ní, "Python ti tó." Ó tó láti ṣírò, mo gbà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa lè kọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka kóòdù náà lẹ́yìn ọdún kan, ẹ bá mi wá òfin Ohm nínú rẹ̀. Ó ti yí padà sí ìlà mẹ́rin tó wà kákiri, tí kálukú wọn jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí ẹni tó kọ ọ́ ti gbàgbé. Mọ́dẹ́lì bẹ́ẹ̀ ò kọjá ẹni tó kọ ọ́. Tó bá gbaṣẹ́ lọ síbòmíràn, ó ti gbé e lọ.

Wọ́n á ní, "Àpótí-àti-ọfà ni ilé-iṣẹ́ ń lò." Òótọ́ ni, wọ́n ń lò ó, ó sì dára fún ètò tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ: níbẹ̀, ìròyìn máa ń wọlé lóòótọ́, àṣẹ sì máa ń jáde lóòótọ́. Èmi náà á lò ó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2007, MathWorks fúnra wọn, àwọn tó ni Simulink, gbé Simscape jáde, níbi tí èèyàn ti ń so ẹ̀yà pọ̀ láì yan ẹnu ìwọlé àti ẹnu ìjáde. Onílé ti ṣí ilẹ̀kùn kejì. Àlejò ló ń bura pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà.

Wọ́n á ní, "Modelica le." Níbi yìí, wọn ò purọ́. Torí pé ẹ̀rọ ti tún ìdọ́gba yín tò, tí àṣìṣe bá wà, ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún yín lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sùn. Ó lè sọ pé ìdọ́gba yín jẹ́ 213, ohun tí ẹ ò mọ̀ jẹ́ 214, kó sì fi yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá ẹyọ kan tó sọnù. Mọ́dẹ́lì tó ṣiṣẹ́ nínú sọ́fítíwíà kan lè kọ̀ nínú òmíràn. Ó tún ku ẹ̀bi ti àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀: a ti fi ogún jíjẹ ba nǹkan jẹ́. Ẹ ṣí apá tó ń sọ̀rọ̀ nípa omi àti afẹ́fẹ́ nínú àká mọ́dẹ́lì wọn, ẹ ó rí mọ́dẹ́lì tó jogún lọ́wọ́ mọ́dẹ́lì tó jogún lọ́wọ́ mọ́dẹ́lì. Kẹ́ ẹ tó dé ibi tí ìdọ́gba kan ṣoṣo wà, ẹsẹ̀ á ti máa ro yín. Ìwà ìgbéraga nìyẹn. A ṣe èdè yìí kí ìdọ́gba lè hàn sójú. Ẹni tó fi ìran méje bò ó mọ́lẹ̀ ti padà sínú ẹ̀ṣẹ̀ tó ń sá fún.

Síbẹ̀, kíka ìdọ́gba àti ohun àìmọ̀, kí wọ́n pé iye kan náà, kì í ṣe ìyà. Ẹ̀kọ́ físíìsì gan-an nìyẹn. Tí ẹyọ kan bá sọnù, òfin kan wà tẹ́ ẹ gbàgbé. Kóòdù aláṣẹ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Á kàn gbé nọ́ńbà jáde, ẹ̀yin náà á sì gbà á gbọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ní, "Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú ni, kì í ṣe tiwa." Ẹ gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ yàrá tútù kékeré tí tòmátì ò ní bàjẹ́ nínú rẹ̀, pẹ̀lú sólà àti bátìrì, ìmọ̀ mẹ́rin ló gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà: iná láti ojú sólà dé inú bátìrì, irin tó ń yí nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, gáàsì tó ń gbé ooru jáde, àti ògiri tí ooru ń gbà wọlé. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè kékeré: ṣé kí n ra bátìrì kan sí i, àbí kí n mú kí ògiri nípọn sí i? Owó gidi ló wà níbẹ̀. Àpótí-àti-ọfà lè dáhùn, tó bá ṣe tán láti tún àwòrán yà ní gbogbo ìgbà tó bá yí ọkàn padà. Nínú mọ́dẹ́lì onídọ̀ọ́gba, nọ́ńbà kan ló máa yí. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó lè wo bátìrì tó máa kú láàjìn kó tó rà á ti jèrè.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ ta ló ni mọ́dẹ́lì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí sọ́fítíwíà olówó gọbọi ṣe ń ti orí fláàṣì kan bọ́ sórí òmíràn, pẹ̀lú kráàkì nínú. Mi ò fẹ́ wàásù nípa olè jíjà. Ohun tí mò ń wí ni pé iṣẹ́ ọdún márùn-ún yín wà nínú ilé ẹlòmíràn, kọ́kọ́rọ́ ayédèrú sì lẹ fi ń wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ àgádágodo, ẹ ò ní lè jẹ́ kí iṣẹ́ ara yín ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ ò sì ní lè fi yangàn níwájú ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́. Fáìlì Modelica jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Notepad lè ṣí i. Àwọn ará Linköping ń ṣe OpenModelica, tí ojú kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, àjọ tó ń tì í lẹ́yìn sì ti wà láti 2007. Ọ̀fẹ́ ni. Kò nílò kráàkì. Àká mọ́dẹ́lì tí gbogbo èèyàn ń lò náà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè ka gbogbo ìdọ́gba inú rẹ̀ bí ẹni ń kàwé.

Ó tiẹ̀ ní àǹfààní kan tó yẹ kó dùn mọ́ ẹni tó ń ka irú ojú ìwé yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo orúkọ nínú Modelica, ààyè wà fún àlàyé. Kò sí ẹni tó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́. Ẹ lè kọ Real v "fóltéèjì láàárín ẹnu méjèèjì", kò sì ní ṣẹ̀ sí òfin èdè náà. Ìdọ́gba ò ní ìlú. Àlàyé ló ní ìlú, àwa la ò tíì kọ tiwa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dákun, ẹ yé fún ọmọ ní máàkì lórí bó ṣe tú ìdọ́gba ká nìkan. Ẹ bi í bóyá ó lè kọ ọ́ kí ó pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọdún àṣekágbá, ẹ mú ẹ̀rọ kan tó wà nítòsí yín, ẹ kọ ìdọ́gba rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ so wọ́n ní oríta, ẹ gbé e síta kí ẹlòmíràn lè kà á, kó sì fi tirẹ̀ kún un. Ẹ jẹ́ kí óòmù 4 jẹ́ óòmù 4, kí óòmù 2 jẹ́ óòmù 2. Kọ̀ǹpútà ló yẹ kó máa wá óòmù 6 kiri.